Fódà Àǹtí Kàfá

Àwọn tó mọ Kàfáyàt Àjàgbé láti kékeré ní Half Die, àdúgbò kan ní Banjul, mọ̀ pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun di nǹkan mú. Bí òjò bá rọ̀ tí omi wọ ilé, bó ti máa ń wọ ilé gbogbo ènìyàn ládùúgbò náà, òun nìkan ló gbọ́dọ̀ gbé àpótí aṣọ bàbá rẹ̀ gorí ibùsùn. Ìtùnú àbúrò rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bàbá wọn, tó wá láti Ìsẹ́yìn tó sì ń ta aṣọ ní ọjà Albert, a máa fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé, "Òjòwú ò lẹ́ran láyà. Kàfá, jẹun dáadáa o, bóyá tìrẹ á ní díẹ̀."

Nígbà tó dàgbà tó sì kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó ìrẹsì àti ṣúgà wọ̀lú gbà á sí ọ́fíìsì wọn ní Kanifing. Ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀ka káàkiri Gambia. Bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá tajà tán lójúmọ́, akọ̀wé ibẹ̀ á kó iye ọjà tó tà àti èyí tó kù sínú fáìlì kan, á sì fi í ránṣẹ́ sí Kanifing. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Kàfáyàt á wọ ọkọ̀ gele-gele láti Banjul, á jókòó, á ṣí àwọn fáìlì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún èyí tó bá wọ́ ṣe, á sì kó wọn sí ibi tí àwọn oníṣirò á ti rí wọn. Ibẹ̀ ni ilé ìkẹ́rùsí ti ń mọ ẹ̀ka tí ọjà fẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n tó di ẹrù sọ́kọ̀. Bí Kàfáyàt bá ṣàìsàn, ẹrù kì í lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn.

Lọ́dún 2011 ni Haddy dé. Ọmọ Aku ni, ìran àwọn tó ti Freetown wá tẹ̀dó sí Banjul láyé àtijọ́. Kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ dé láti Accra, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó kí Kàfáyàt bí wọ́n ṣe ń kíra nílé wọn.

"Kúṣẹ́ o, Àǹtí Kàfá!"

Ìkíni Yorùbá ni, tí àwọn baba ńlá Haddy gbé wá. Ó yẹ kó dùn mọ́ Kàfáyàt. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ nínú ara rẹ̀ ni pé, ọmọ yìí kò tíì jókòó, ó ti mú nínú èdè mi.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá Babucarr, tó jẹ́ olórí ọ́fíìsì wọn, pe àwọn méjèèjì.

"A ti ra sọ́fúwíà tó máa so kọ̀ǹpútà àwọn ẹ̀ka pọ̀ mọ́ ti àwọn oníṣirò. Ohun èlò àfikún kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ọn, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa bójú tó fáìlì. Haddy kọ́ bí wọ́n ṣe ń tò ó, òun ni kó tò ó. Kàfáyàt, ìwọ lo mọ àwọn ẹ̀ka, ràn án lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ náà bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, màá yan ọ̀kan nínú yín ṣe olórí yàrá kọ̀ǹpútà."

Olórí yàrá kọ̀ǹpútà! Ọjọ́ pẹ́ tí Kàfáyàt ti ń fojú inú rí ara rẹ̀ lórí àga yẹn. Wàyí o, wọ́n ní kó wá ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti gun orí rẹ̀.

Haddy fa àga sún mọ́ ọn. "Àǹtí Kàfá, ẹ wò ó, ó dà bí àwọn alábàárù ọjà Albert. Bí mo bá gba alábàárù, mo ní láti sọ ìsọ̀ tó máa dúró sí fún un, irú ẹrù tó máa gbé, ibi tó máa sọ̀ ọ́ sí, àti ohun tó máa ṣe tó bá sọ̀ ọ́ tán. Bí mi ò bá sọ ọ́, ẹrù ẹlẹ́rù ló máa gbé."

"Mo mọ alábàárù," ni Kàfáyàt dáhùn. "Inú ọjà yẹn ni mo dàgbà sí."

Haddy rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ó sọ fódà tí alábàárù náà máa ṣọ́ fún un. Ó ní kó dúró kí fáìlì wọlé tán kó tó fọwọ́ kàn án, torí íńtánẹ́ẹ̀tì àwọn ẹ̀ka tó wà lókè odò máa ń fà, kó má lọ gbé àpò tí wọn ò tíì rán ẹnu rẹ̀. Ó ní bó bá gbé fáìlì dé ọ̀dọ̀ oníṣirò tán, kó má pa á rẹ́, kó fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn náà ló kan irú ẹrù tó máa gbé: kìkì fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "títà".

Ó wojú Kàfáyàt. "Àǹtí, ṣé gbogbo ẹ̀ka ló ń sọ fáìlì wọn bẹ́ẹ̀?"

Kàfáyàt rántí Alasan, akọ̀wé ẹ̀ka Farafenni. Àgbàlagbà tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni Alasan, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun láìpe orúkọ Ẹlẹ́dàá, títí kan fáìlì. "Bismillahi Farafenni" ni fáìlì tirẹ̀ máa ń jẹ́. Kàfáyàt ti bẹ̀ ẹ́ títí kó yí i, ó ní òun ò lè fi ọjà ṣíwájú Ọlọ́run. Láti ìgbà náà ni Kàfáyàt ti ń bá a tún un ṣe láràárọ̀, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Bẹ́ẹ̀ la ní kí wọ́n máa sọ ọ́," ni Kàfáyàt wí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí Haddy bi í nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Haddy tún wá sídìí tábìlì rẹ̀. "Àǹtí Kàfá, mo fẹ́ fi nǹkan kékeré kan sórí kọ̀ǹpútà yín. Nítorí èyí tí alábàárù wa ò bá dá mọ̀, mo fẹ́ kó..."

"Fi í síbẹ̀. Mo ń lọ ra tapalapa."

Ebi kò pa á. Ó ra búrẹ́dì náà, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí Haddy fi kúrò nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nígbà tó padà, ó rí àwòrán fódà tuntun kan ní igun kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Ó fa iṣẹ́ mìíràn bò ó, ó sì búra pé ohun tí ọwọ́ Haddy bá gbé síbẹ̀, ọwọ́ òun ò ní kàn án.

Nílé, ìyá rẹ̀ rí i pé kò jẹun. "Haddy, Haddy, láti ìjẹta! Ṣé òun ló já ọmú gbà lẹ́nu ẹ ni?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo gbọ́. Jẹ ìrẹsì ẹ, kì í ṣe Haddy ló sè é."

Alábàárù Haddy ń ṣiṣẹ́. Kí Kàfáyàt tó dé láàárọ̀, fáìlì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣirò. Àwọn oníṣirò ń yin Haddy, ọ̀gá ń yìn ín, àní awakọ̀ tí kò mọ ohun tí fáìlì jẹ́ náà ń yìn ín. Bí wọ́n ti ń yìn ín, ó ń ta Kàfáyàt láyà bí ata. Ó ń retí Farafenni.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ààwẹ̀ ni Alasan pè.

"Kàfáyàt! Ṣé ẹ̀yin èrò Kanifing ti yọ Farafenni kúrò ní Gambia ni? Ààwẹ̀ dé, mi ò ní ṣúgà. Ṣé omijé ni kí àwọn èèyàn fi mu tíì àtàyà ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Màá sọ fún wọn."

Ó rọra gbé fóònù sílẹ̀, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì gba yàrá Ọ̀gá Babucarr lọ. Haddy wà níbẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹrù ò dé Farafenni. Ohun tí Haddy tò kì í gbé fáìlì wọn."

Babucarr wo Haddy. Haddy wo Kàfáyàt, ẹnu sì yà á.

"Àǹtí Kàfá, ṣé ẹ kì í ṣí i ni?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣí?"

"Fódà yín. Èyí tí alábàárù ò bá dá mọ̀, mo ní kó má jù ú nù, kó gbé e wá fún yín, torí ẹ̀yin lẹ mọ àwọn ẹ̀ka. Mo rò pé ẹ ń rí wọn."

Àwọn mẹ́ta lọ sídìí tábìlì Kàfáyàt. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fa iṣẹ́ tó bo igun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Àǹtí Kàfá" ni orúkọ tó wà lórí fódà náà. Nígbà tó ṣí i, Bismillahi Farafenni to lọ bẹẹrẹ nínú rẹ̀, ti ojoojúmọ́, kò dín ọ̀kan.

"O mọ̀ pé báyìí ni Alasan ń ṣe é?" ni Babucarr bi í.

"Mo mọ̀, sà."

"Haddy bi ọ́?"

"Ó bi mí."

"Ẹjọ́ tèmi náà ni, sà," ni Haddy wí. "Mi ò dúró kí wọ́n dé látibi búrẹ́dì."

Ojú ti Kàfáyàt, síbẹ̀ owú tún gún un: ọmọ yìí tún ní ìwà ju òun lọ.

Ọjọ́ náà ni ṣúgà Farafenni wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Barra ní òdìkejì odò, lójú ọ̀nà Farafenni. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Haddy di olórí yàrá kọ̀ǹpútà. Kàfáyàt bá a gbé àga náà wọlé. Kò sí ẹni tó rán an.

Haddy jókòó, ó ṣí ìtò alábàárù náà. "Àǹtí Kàfá, ẹ jẹ́ kí n kọ́ alábàárù yìí kó dá Bismillahi mọ̀ wàyí, kó má dà yín láàmú mọ́."

"Rárá," ni Kàfáyàt yára sọ. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, fi tìyẹn sílẹ̀. Jẹ́ kó máa wá sọ́dọ̀ mi."

Haddy pa á dé láìfọwọ́ kan nǹkan kan.

Láràárọ̀ láti ìgbà náà, bí Kàfáyàt bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú gele-gele, fódà rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣí, kó tó bọ́ ìborùn, kó tó kí ẹnikẹ́ni. Á tún ti Farafenni ṣe, á fi í ránṣẹ́. Bí Haddy bá wá ń kọjá lọ tó ní, "Kúṣẹ́ o, Àǹtí Kàfá," á dá a lóhùn.