Ìlù Àbúrò Mi Nínú Kíbọ́ọ̀dù

Ìlù tí àbúrò mi lù kẹ́yìn láyé, kò lù ú lójú agbo. Ó jókòó sórí àga gbọọrọ ní pálọ̀ Màmá, ó gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn, ó sì fi ìka lù ú sínú kíbọ́ọ̀dù mi. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù lóde òní á ní kí ló yà mí lẹ́nu níbẹ̀, ṣebí ohun tí gbogbo wọn ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n àbúrò tiwọn ṣì wà láyé.

Akọ̀wé ìjọba ni mí ní Òṣogbo nígbà náà, ìpínlẹ̀ wa ò tíì pẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, fáìlì ni mò ń gbé láti yàrá kan sí èkejì. Bó bá di Sátidé, mo di olórin. Iléṣà ni ilé wa, ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ dùùrù ẹlẹ́sẹ̀, irú èyí tí èèyàn á máa fi ẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí kó tó lè dún. Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, tí mo fi ọdún díẹ̀ jù lọ, ìlù ni òun yàn. Ìlù òyìnbó tí à ń pè ní jáàsì, tí onílù máa ń jókòó sí àárín rẹ̀, tí tọwọ́ tẹsẹ̀ á máa ṣiṣẹ́.

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ wa á rò pé kíbọ́ọ̀dù kan náà là ń gbé lọ sí gbogbo òde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbéyàwó inú ṣọ́ọ̀ṣì, dùùrù ni; alùfáà wo ni yóò gbà kí ìyàwó fi rúńbà rìn dé ibi pẹpẹ? Ìsìnkú àgbàlagbà, dùùrù náà ni, torí orin ìsìnkú ń fẹ́ ohùn tó ń fà, tó ń mí bí èèyàn. Bó bá jẹ́ ìkórè, tí onígìtá àti onílù pé síbẹ̀, pianó oníná ti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń tẹ̀, kò ní ìlù kankan nínú. Kíbọ́ọ̀dù onílù ni ti ibi tí kò sí ààyè tàbí tí kò sí iná. Ọwọ́ òsì á mú kọ́ọ̀dù, ọwọ́ ọ̀tún á mú orin, ìlù àti gìtá á sì máa tẹ̀ lé e fúnra wọn láti inú ẹ̀rọ. Òun ni mo fi ń ṣe ìsọmọlórúkọ, òun ni mo gbé lọ sí ibi ìdúpẹ́ àwọn tó ń wa wúrà ní Ìpẹ́rìndó. Bátìrì ńlá mẹ́fà, òde ti dé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n láàárín èmi àti àbúrò mi, òfin mìíràn wà tó ju gbogbo ìyẹn lọ. Síkúlà ni àbúrò mi, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí a bí mọ́ ọn. Bí ọyẹ́ bá fẹ́, tàbí tí òjò bá pa á, eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó débi tí kò ní lè di igi ìlù mú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá pè wá sóde, n kì í tètè dáhùn. Ojú rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ lọ wò. Bí ojú náà bá mọ́, a ó di jáàsì sẹ́yìn ọkọ̀, n ó sì tẹ èyí tí kò ní ìlù nínú. Bí ẹyinjú rẹ̀ bá ti pọ́n bí epo, kíbọ́ọ̀dù onílù nìkan ni n ó wé sínú aṣọ, n ó sì dá lọ. Ara rẹ̀ ló ń pín òde fún wa.

Kò fẹ́ràn ẹ̀rọ náà rárá. Orogún òun ló ń pè é. Bí mo bá ti òde dé, ó lè wà lórí ibùsùn kó máa rojú nítorí ìrora, ohun tí yóò kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Bọ̀dá mi, báwo ni orogún mi ṣe ṣe? Ṣé ó làágùn?"

Àléébù kan wà nínú ìlù rẹ̀ o, n kò ní torí pé ó ti kú kí n wá purọ́. Ó máa ń kánjú. Bí ẹsẹ orin bá fẹ́ parí, kò ní dúró kó parí; ọwọ́ rẹ̀ á ti wọ ẹsẹ tó kàn. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Màmá á jókòó láàárín àwọn ìyá ìjọ, á máa mi orí. Ó ní oṣù rẹ̀ ò pé tó fi jáde nínú òun, pé ó kánjú wáyé, ó sì ń kánjú lọ lórí ohun gbogbo. Àá rẹ́rìn-ín. Nígbà náà, ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà.

Ọdún kan wá tí ilé ìwòsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ilé rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ ni, ó jókòó sí pálọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi ń dán àwọn ìlù inú kíbọ́ọ̀dù wò fún òde kan. Ó gbọ́ ọ títí, ó yọ ṣùtì.

"Ta ni yóò jó eléyìí? Òyìnbó tí bàtà ń há lẹ́sẹ̀?"

Mo ní kò sí èyí tó bá orin ìdúpẹ́ ti Ìjẹ̀ṣà mu nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kí ni n ó ṣe?

"Ṣebí ẹ sọ nígbà kan pé àyè kan wà níbẹ̀ tí èèyàn lè kọ́ ọ ní ìlù tiẹ̀?"

Mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Mo fi hàn án bí bọ́tìnnì kan ṣe ń dún bí ìlù ńlá, tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń dún bí ìlù kékeré, tí èyí tó wà lókè ń dún bí àwo irin. Ó fi ìka ṣe ohun tó ti ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe láti kékeré. Ó di ojú. Òógùn bọ́ sí i níwájú orí, bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ dìde. Nígbà tó ṣe tán, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú padà fún wa, ó ń yí i po, ó ń yí i po. Ìlù rẹ̀ ni láìkù síbì kan. Ó dé ìparí ẹsẹ, ó sì kánjú.

Mo ní, "Jẹ́ ká tún un ṣe. O ti sáré níbẹ̀ yẹn."

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bọ̀dá mi. Bó bá tọ́ tán, ta ni yóò mọ̀ pé èmi ni?" Ó ti ẹ̀rọ náà sí mi. "Òun ni kí ẹ máa fi ṣeré lọ́jọ́ tí n kò bá lè wá."

Mo rò pé Sátidé tó ń bọ̀ ló ń sọ.

Ọyẹ́ ọdún náà ló mú un lọ. Òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í ṣe ariwo lé e lórí. Ìyá kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ dé ibojì, nítorí náà Màmá jókòó sínú yàrá, àwa lọ sin ín, a padà wálé. Kò sí dùùrù, kò sí kíbọ́ọ̀dù. Èmi tí mo ti tẹ orin sin òkú ọlọ́kú kiri Iléṣà àti Òṣogbo, n kò tẹ nǹkan kan fún àbúrò mi. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń sọ fún Màmá pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Agbè náà jókòó níbẹ̀, ó ń wò wọ́n. Inú bí mi sí gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ire ni wọ́n ń wí.

Ó tó ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà kí Màmá tó bi mí ní Sátidé kan pé, "Ṣé ùlù ọmọ mi ṣì wà nínú àpótí yẹn?"

Mo tẹ̀ ẹ́ fún un. Ó jókòó láìmira. Nígbà tó dé ibi tó máa ń kánjú sí, Màmá fi ọwọ́ gbá itan. "Ó tún ti kánjú!" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹ́rìn-ín kó tó sunkún. N kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí a ti sin ọmọ rẹ̀.

Bí kíbọ́ọ̀dù náà ṣe di ti Màmá nìyẹn. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì pupa tí obìnrin ń kùn sí èékánná sàmì sí bọ́tìnnì tí yóò máa tẹ̀. Láràárọ̀, bó bá ti gbàdúrà tán, á tẹ̀ ẹ́, á máa ṣa ẹ̀wà, á máa gbá ilẹ̀, ìlù á máa lọ. Bó bá dé ibẹ̀, á bá a wí. Àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Èmi mọ̀ pé ìlù yẹn ló ń gbé e dìde lórí ibùsùn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń pín òde mi bí ẹni tó fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́. Òde tó bá gba dùùrù tàbí pianó, mo gbà á. Èyí tó bá gba kíbọ́ọ̀dù onílù, mo ní n kò ráyè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Òṣogbo ní mo ti di ẹni ńlá, pé ìsọmọlórúkọ ò tó mi í lọ mọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá Ọjà Ọba ti ṣàlàyé fún mi pé ohun tí èèyàn bá fúnra rẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ yẹn, iná ló ń mú kó rántí rẹ̀. Bí iná bá lọ tí bátìrì ò sì sí nínú rẹ̀, ó ti gbàgbé nìyẹn, títí láé. Ta ni n ó wá gbà láyè kó gbé e lọ sí agbo, kí ọ̀mùtí kan fa wáyà rẹ̀ yọ? Mo ra bátìrì tuntun sí i, mo sì sọ fún Màmá pé, "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bátìrì yìí o." Ó ní òun gbọ́.

Mo ti ń rò ó láti gbà á sí kásẹ́ẹ̀tì. Mo kàn ń rò ó ni.

Nígbà tó yá, tiransifọ́mà àdúgbò bàjẹ́. Iná ò sí fún ọjọ́ pípẹ́, bátìrì nìkan ni ìlù náà wá ń jẹ. Ní Sátidé kan, mo gbé àwọn bátìrì tuntun láti Òṣogbo, mo dé Iléṣà, oòrùn ti mú. Màmá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń yí ata tó sá sórí ẹní. Lórí pèpéle, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata, bátìrì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dùbúlẹ̀ sínú oòrùn.

Mo gbé àwọn tuntun ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ni Màmá wí. "Ohùn ùlù náà ló ti ń rẹlẹ̀, bí ẹni tó ń ṣàárẹ̀. Mo ní kò ní tún ṣàárẹ̀ lójú mi mọ́. Àárọ̀ ni mo ti yọ wọ́n. Wọ́n á ti yè báyìí."

Kò sí ẹni tó dàgbà nígbà tiwa tí kò mọ̀ ọ́n. Bí rédíò bá ń kùn, a ó yọ bátìrì, a ó sá a, yóò tún ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìjẹ̀ṣà ni wá, a kì í sọ ohun tó ṣì lè wúlò nù. Mo ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Màmá kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ni.

Mo kó wọn nílẹ̀. Wọ́n gbóná lọ́wọ́ mi bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Mo kó wọn sínú kíbọ́ọ̀dù ní pálọ̀, mo tàn án. Oòrùn ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, iná ojú ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀ kedere. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa. Kò sí nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀. Kò sí nǹkan kan.

"Ṣé kò tíì yè ni?" Màmá bèèrè láti ìta.

"Ó ń bọ̀, Màmá."

Mo yí i sí ibi tí àwọn bọ́tìnnì ti ń dún bí ìlù. Mo kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, mo fi ìka lù ú gẹ́gẹ́ bó ṣe lù ú. Mo mọ ìlù náà bí orúkọ mi. Mo gbọ́ tí Màmá dá ọwọ́ dúró lórí ata. Ó ń retí ibẹ̀ yẹn. Èmi náà rí i tó ń bọ̀, mo ní n ó kánjú, mo ti pinnu rẹ̀ lọ́kàn. Ọwọ́ mi kọ̀. Ọwọ́ tí dùùrù ti kọ́ láti kékeré pé kó dúró kí ẹsẹ parí, dídúró ló dúró. Mo yí i po lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún dúró.

Màmá wọlé wá. Ó dúró lẹ́yìn mi. N kò lè wẹ̀yìn, n kò sì lè dáwọ́ dúró.

"Kò kánjú," ni ó wí.

Mo lù ú lọ.

"Kò kánjú mọ́. Ó ti sinmi nìyẹn." Ó gbé ọwọ́ tó ń ta fún ata lé mi léjìká. "Ó tó, ọmọ mi. Ó tó."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí a sin ín lọ. N kò bi Màmá bóyá ó mọ̀, òun náà kò sì bi mí ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó fi aṣọ ìbora àbúrò mi wé kíbọ́ọ̀dù náà, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà. "Máa gbé e lọ síbi uṣẹ́ rẹ," ni gbogbo ohun tó sọ.

Mo gbé e lé itan nínú takisí títí a fi dé Òṣogbo. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo fi ìlù rúńbà tó bá ẹ̀rọ náà wá láti ilé iṣẹ́ ṣe àríyá ìgbéyàwó kan ní Òṣú. Àwọn èèyàn jó. Gbogbo ìlù bọ́ sí ibi tó yẹ kó bọ́ sí.