Ohun Tí Ìwé Aránṣọ Wí

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìyàwó mi fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè àjèjì, òfin kan ṣoṣo ló sì ní: Yorùbá kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì òun. Ọmọ tó bá sọ ọ́ níbẹ̀, pátákó ni yóò so mọ́ ọn lọ́rùn títí wọ́n á fi jáde. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá rẹ̀ gan-an kò lè wọ kíláàsì náà. Kì í rẹ́rìn-ín.

Ọmọ aránṣọ àdúgbò wa ni ààyò rẹ̀, nítorí pé ó ń kàwé geere bí ẹni ń mumi. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà nawọ́, ó fi Yorùbá béèrè ìtumọ̀ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán. Ìyàwó mi so pátákó mọ́ ọn lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà, kò béèrè nǹkan kan mọ́, máàkì rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Káfíńtà lásán ni mí, mo sì mọ̀ pé iyẹn ò dáa, ṣùgbọ́n ta ló bi mí?

Nígbà tó yá, aránṣọ dùbúlẹ̀ àìsàn. Ilé ìwòsàn fún un lóògùn àti ìwé kan tí wọ́n fi èdè àjèjì kọ, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ìwé náà ní bí ara bá ṣì ń gbóná lọ́jọ́ kẹta, kí wọ́n gbé e padà wá kíákíá. Ọmọ náà kà á fún ìyá rẹ̀ láìkọsẹ̀, inú ìyá dùn, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó wí nínú àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ kẹfà, aránṣọ kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ náà mú ìwé wá sílé wa.

“Àǹtí, mo kà á dáadáa, mi ò ṣi ọ̀rọ̀ kankan pè. Kí ló wí?”

Ìyàwó mi ní wọ́n kàn ní kí ìyá rẹ̀ máa sinmi ni.

Irọ́ yẹn ò jẹ́ kó gbádùn mọ́. Bí ọmọ kankan bá ti ń kàwé geere ní kíláàsì, á ní ohùn ọmọ aránṣọ lòun ń gbọ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìtọ́jọ́. Bí rédíò bá sọ èdè àjèjì náà nínú ilé, á ní kí n pa á. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Èmi ò mọ̀ pé ilé wa ni wọ́n ń bá wí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ aránṣọ wọlé wá bá wa. Ó ti di nọ́ọ̀sì. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti mọ ohun tó wà nínú ìwé náà, pé ẹnu Àǹtí lòun fẹ́ ti gbọ́ ọ. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lédè àjèjì.

“Ẹ sọ ọ́ lédè wa, Àǹtí.”

Ó sọ ọ́. Kò ju gbólóhùn kan lọ, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ ọ tán, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì gbé báàgì rẹ̀. Mo ń retí kó sọ pé òun ti dárí jì í. Kò sọ ọ́.