Ìpàdé Àdúrà Tó Ku Èmi Nìkan

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Banjul, Bathurst là ń pè é nígbà náà, àwa Yorùbá tó jẹ́ Kristẹni ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Láàárọ̀, a ó bá àwọn Aku, ìran àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀, jọ́sìn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀sán ni tiwa: Bíbélì Yorùbá, orin Yorùbá, àdúrà ní èdè tí ìyá ẹni fi tọ́ni.

Èmi ni olórí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn kan padà sí Nàìjíríà, àwọn kan kú, àwọn tó rí jájẹ kó lọ sí Fajara lẹ́yìn ìlú, wọ́n ní ọ̀nà ti jìn jù. Nígbà tó yá, ó ku èmi àti opó kan tó ń ránṣọ ní àdúgbò Portuguese Town.

Kí n má purọ́, n kò fẹ́ràn rẹ̀. Orin rẹ̀ kì í dùn, àdúrà rẹ̀ sì máa ń gùn. Ó máa ń pẹ́ dé, á wọ́ ẹsẹ̀ wọlé, èmi á sì wo aago kó lè rí i pé mo wò ó. Síbẹ̀, a kì í pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ. Nígbà tí omi òjò bo àdúgbò, mo ká ṣòkòtò dé orúnkún, mo lọ. Òun náà wá. Mo máa ń fi èyí yangàn níwájú Ọlọ́run, pé ogbó kò yẹ ẹsẹ̀ mi.

Lọ́sẹ̀ kan, kò wá. Lọ́sẹ̀ kejì, n kò rí i. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo fi ìbínú lọ bá a nílé. Ó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí. Ẹsẹ̀ náà wú, awọ rẹ̀ ń dán.

Mo ní, "Ìyá, ẹ ti fi iṣẹ́ Olúwa sílẹ̀."

"N kò fi í sílẹ̀, Tíṣà. Àwọn aládùúrà kan nítòsí ibí ni mo ń bá gbàdúrà báyìí. Wọ́n máa ń wá mú mi nílé."

"Àwọn yẹn? Ṣebí ìlérí ìwòsàn ni wọ́n fi ń tan èèyàn."

Ó fi eyín já òwú. "Ẹsẹ̀ náà kò tíì san. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n bi mí pé kí ló ṣe é. Ọdún mẹ́fà ni èmi àti ẹ̀yin nìkan fi jókòó nínú yàrá yẹn, Tíṣà. Ẹ kò bi mí rí."

Mo la ẹnu láti sọ pé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. Mo dágbére dípò rẹ̀, mo sì lọ sílé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún lọ kí i, mo mú oògùn ìpara dání. Ó dúpẹ́ bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò. Kó tó di Kérésìmesì, ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí Ìbàdàn.

Èmi nìkan wá ń lọ. Mo ń ka orí kan, mo ń kọ orin kan, mo ń kúnlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn alàgbà wa, ọkùnrin Aku, yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó fi èdè Aku bi mí pé, "Bàbá, ta lẹ ń wàásù fún?" Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ máa kó àga sínú yàrá náà. Mo fi í sílẹ̀ fún wọn.

Mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí obìnrin náà. Kò fèsì. Àwọn èèyàn ń yìn mí pé mo di ìgbàgbọ́ mi mú dọ́jọ́ ogbó, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Àràárọ̀ ni mo ṣì ń gbàdúrà. Àdúrà náà korò lẹ́nu mi, mo sì ń gbà á.