Òkun Wo Ló Ti Bọ̀?

Kí n tó ra láptọ́ọ̀pù yẹn, mo mọ ohun tí mò ń wá. Ọdún tí mo máa fi parí ẹ̀kọ́ mi nípa yíya àwòrán ilé ni mo wà, iṣẹ́ àṣekágbá mi sì jẹ́ ilé ìwòsàn kan tí mo gbọ́dọ̀ yà débi pé olùdánwò á lè máa rìn kiri inú rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ tí kò bá ní káàdì àwòrán tirẹ̀ kò lè gbé e. Káàdì yìí kan náà ni géèmù ń fẹ́, mi ò sì ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ràn géèmù bọ́ọ̀lù. Tí orí mi bá ti kún, tí mo bá gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀, ọpọlọ mi á padà sípò. Tuntun kọjá agbára ìyá mi. Nítorí náà, tòkunbọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi mú mi. Ọmọ tí wọ́n bá bí sí òkè òkun là ń pè ní Tòkunbọ̀. A tún ń pe mọ́tò, fíríìjì àti bàtà tí òyìnbó ti lò bẹ́ẹ̀. L'Ékòó, ó ti di oríkì. Ohun tó bá ti jẹ́ tòkunbọ̀, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ibi tí wọ́n bí i sí.

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ní Kétu tó bàbá mi lọ́jọ́ orí, àmọ́ mi ò ní pè é ní "wọn" níbí. Ó gbé e jáde bí ẹni gbé ọmọ ìkókó.

"Aunty, tòkunbọ̀ gidi. Ọmọ Nàìjíríà kankan ò tíì fọwọ́ kàn án."

"Ṣé ó lè gbé géèmù?"

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹ̀yin náà ń gbá géèmù? Ọkọ yín á jẹ gààrí o!"

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kó tan án. Mo wo mẹ́mòrí, mo wo káàdì, mo wo bátìrì, gbogbo rẹ̀ pé. Ó ṣí géèmù bọ́ọ̀lù kan, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń sáré geere. Mo gbá góòlù kan wọlé, ó pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ní kó jẹ́ kí n tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ó ní tí mo bá tú u, wárántì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìwà ìkà àkọ́kọ́ nìyẹn: ó mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Mo ya ilé ìwòsàn mi débi ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọ yàrá àwọn aláboyún. Fláàṣì tí mò ń tọ́jú iṣẹ́ sí kò gbà ju àwòrán ìpìlẹ̀ lọ, ìyókù wà nínú láptọ́ọ̀pù. Nígbà tó ku òpin ọ̀sẹ̀ kan péré kí n dúró níwájú àwọn olùdánwò, ojú ẹ̀rọ náà ṣókùnkùn. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbàdúrà lé e lórí bí Mummy mi ṣe máa ń gbàdúrà lé jẹnẹrétọ̀ lórí.

Mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ ní iná ilé wa ni kò dáa. Mo ní ṣáájà tó fún mi ni mo lò. Ó ní géèmù ló pa á nígbà náà, pé ṣebí òun ti sọ pé kì í ṣe nǹkan obìnrin. Mo fa irin tí mo fi ń tú nọ́ọ̀tì jáde nínú báàgì, mo sì tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà lójú ọkùnrin náà àti àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ó ti sán lábẹ́ fáànù, ìpẹtà sì ti jẹ gbogbo ẹ̀gbẹ́ bátìrì. Mo fi èékánná họ ọ́, mo gbóòórùn rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ìlà kan wà lára ògiri pálọ̀ wa l'Ájégúnlẹ̀, níbi tí omi dé nígbà tí odò kún kẹ́yìn. Àwọ̀ yìí náà ni, òórùn yìí náà ni. Lẹ́yìn omi yẹn, àwọn tó ń ra nǹkan tó ti bàjẹ́ ti kẹ̀kẹ́ ẹrù wọ àdúgbò wa, wọ́n ń pariwo "Kọ̀ndẹ́ẹ̀mù yín dà?" Tẹlifíṣọ̀n, fáànù, láptọ́ọ̀pù, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ gba ọ̀nà ọjà Owódé Onírin lọ. Ẹnì kan fọ èyí, ó nù ún, ó sọ ọ́ lórúkọ. Òkun tó là kọjá kò ju ẹ̀yìnkùlé wa lọ.

"Ẹrẹ̀ Ajégúnlẹ̀ rèé!" ni mo pariwo. "Ṣé èyí lẹ pè ní tòkunbọ̀?"

Ojú rẹ̀ tàn. "Báwo lẹ ṣe mọ ẹrẹ̀ Ajégúnlẹ̀?"

"Ibẹ̀ ni mò ń gbé."

"Ẹ̀hẹ́n!" Ó yíjú sí àwọn tó wà níbẹ̀. "Ẹ gbọ́ o! Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń gbé! Aunty, ó ti òkun bọ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yin lẹ tún gbé e padà sínú omi."

Ẹ̀rín bú. Ẹnì kan ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ ojú omi ni kẹ́ ẹ tà fún wọn nígbà míì!"

Mo ní ẹ̀ẹ̀rùn la wà, òjò kankan ò tíì rọ̀ látìgbà tí mo ti rà á. Mo ní ẹ wo ìpẹtà yìí, ṣé ti àná ni? Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ẹ̀rí tí mo mú wá ni wọ́n fi dè mí, torí ibi tí mo ti wá.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo káàánú yín. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ fi nǹkan lé e, kí n fún yín ní òmíì."

"Ẹ jẹ́ kí n yọ ibi tí iṣẹ́ mi wà nínú rẹ̀."

"Rárá o. Tó bá ti dín, kò sí pàṣípààrọ̀."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo ìwé tí mo kà ló wà nínú ẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo tán, mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fóònù rẹ̀ ló ń wò.

Mo gbé òkú ẹ̀rọ mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tẹ̀wé fún èèyàn n'Íkòsí. A yọ ibi tí iṣẹ́ mi wà, a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Orúkọ àwọn àwòrán mi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: àtẹ̀gùn, fèrèsé, yàrá aláboyún. Mo fò sókè. Obìnrin náà tẹ èyí, kò ṣí. Ó tẹ tọ̀hún, kò ṣí.

"Ó rántí orúkọ wọn," ló sọ fún mi jẹ́jẹ́, "àmọ́ kò rí wọn mọ́."

Àwòrán ìpìlẹ̀ ni mo gbé síwájú àwọn olùdánwò.

"Ilé náà dà?"

"Ó wà nínú omi, Sà."

Wọ́n rò pé àwàdà ni. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kẹ̀kẹ́ ẹrù tún wọ àdúgbò wa. "Kọ̀ndẹ́ẹ̀mù yín dà?" Mummy mi rí láptọ́ọ̀pù náà lórí àga.

"Gbé e fún un jàre. Kí lo tún fẹ́ fi ṣe?"

Mo gbé e mọ́ àyà. Tí mo bá gbé e fún un, á gba Owódé Onírin, á dé Kétu, ọmọ ẹlòmíràn á fi gbá góòlù kan wọlé, wọn á sì pàtẹ́wọ́ fún un. Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo gbé e lé orí òkúta, mo sì ki ọmọ odó mọ́lẹ̀, mo fi ń fọ́ ọ.

"Yé! Ọmọ mi ti ya wèrè!"

Mummy ló gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi. Ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà. Mi ò mọ ohun tí mo máa fi ya ilé ọ̀hún.