Bí Àkíbù Ṣe Mú Wa Wọ Ilé Ọba ní Róòmù
Bíríkìlà ni Àkíbù ní àdúgbò wa, Fájuyì. Kì í kọjá lára òṣìṣẹ́ láìkí i. Ọmọ Àkíbù tó ń gbé ní Róòmù ní kí bàbá òun, èmi àti Ayọ̀rìndé ọ̀rẹ́ wa wá wo ìlú náà. Nígbà tí a dé Róòmù, ẹsẹ̀ la fi rìn káàkiri. Gbogbo agbálẹ̀ ni Àkíbù dúró kí: "Ẹ kú uṣẹ́ o!"

Ayọ̀rìndé pariwo mọ́ ọn: "Alájì, wọ́n fẹ́ ti ilé ọba àtijọ́! Ọ̀la la ń wọ bàálù!"

Nígbà tí a débẹ̀, òyìnbó aṣọ́nà ti ń ti ilẹ̀kùn. Àkíbù dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti bẹ̀ ẹ́. Òyìnbó rò pé ó dákú ni. Ó gbé e wọlé kíá, ó lọ bu omi. Àwa náà wọlé.

Mo sọ fún Àkíbù pé, "Má tíì dìde o. A ò tíì rí òkè ilé."