Òkúta Etí Ìró Mi

Oyún méjì ti bàjẹ́ lára mi. Ẹ̀kẹta ti pé oṣù méje nígbà tí ọkọ mi ti Íjíbítì dé, níbi tí ọ̀gá rẹ̀ rán an lọ ra aṣọ. Ó gbé òkúta kékeré kan tó ní àwọ̀ ewé lé mi lọ́wọ́. Wọ́n gbẹ́ ẹ bí erinmi tó lóyún, ikùn rẹ̀ rí róbótó, wọ́n sì lu ihò sí i fún okùn. Ó ní irú rẹ̀ ni àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ máa ń so mọ́ aboyún kó lè bí láyọ̀.

"Ó lè jẹ́ ayédèrú o," ó ní, "àmọ́ ikùn ẹ̀ jọ tìẹ."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n wá tọ́jú mi láti Abẹ́òkúta, kò rẹ́rìn-ín.

"Òrìṣà àwọn Fáráò! Nínú ilé tí a ti ń fi ààwẹ̀ wá ọmọ!"

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Lójú ẹsẹ̀ náà, wọ́n fi pínnì há aṣọ mi níkùn, wọ́n sì so òkúta kan tí wọ́n ṣà lẹ́yìnkùlé mọ́ etí ìró mi, torí pé mo fẹ́ lọ sí Mile 12 lọ́sàn-án gangan, ẹ̀mí burúkú sì lè pààrọ̀ ọmọ inú mi nínú oòrùn.

Inú bí mi. "Mummy, ṣé èyí kì í ṣe òkúta ni?"

"Àṣà wa nìyí. Má bá mi jiyàn."

Àwọn fúnra wọn ló ń so ó mọ́ mi lójoojúmọ́. Mo rò pé wọ́n ti ju erinmi mi sí gọ́tà.

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ dé, ọmọ kọ̀, kò jáde. Nọ́ọ̀sì gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọkàn ọmọ ò lù dáadáa mọ́. Aunty, ẹ push! Mummy, ẹ bá wa bọ́ ìró yìí."

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Mo ti ń sunkún ọmọ tí kò tíì kú. Ìyá ọkọ mi ń ka Sáàmù. Wọn ò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mú ìró náà lọ. Wọ́n ki kókó etí rẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n sì pa àtẹ́lẹwọ́ mi dé.

Mo fọwọ́ tẹ kókó náà. Kì í ṣe òkúta ẹ̀yìnkùlé. Ó jọ̀lọ̀ lábẹ́ aṣọ, ó sì ní ikùn róbótó.

Mo wo ojú wọn.

"Má wò mí," ni wọ́n wí, omi ń dà lójú wọn. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọlọ́run á dárí jì mí. Ìwọ ṣáà bímọ."

Mo di òkúta náà mú pinpin títí ọmọ fi ké.