Ọta Àkọ́kọ́

Ẹ má pè é ní Kọ́nẹ́ẹ̀lì níwájú mi. Àbúrò mi ni. Èmi ni mo ń pọ̀n ọ́n ní Òwu-Ìsin níbí nígbà tí ìyá wa bá lọ sóko. Fọlárìn olórí kunkun! Bàbá wa ní kó ṣe tíṣà bíi ti òun, ó ní ṣọ́jà lòun máa ṣe. Ó lọ sí Kàdúná, wọ́n fi í sídìí àgbá, ìbọn ńlá tí ọta rẹ̀ ń fò kọjá òkè kó tó balẹ̀. Ó jagun lọ́nà Maidúgùri fún ọdún méje. Nígbà tó yá, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun bí a ṣe ń yìn ín.

Mo lọ kí i níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òfin kan ló ń tẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ náà létí láti àárọ̀ di alẹ́: ẹni tó ń yin àgbá kì í rí ibi tí ọta ń lọ, nítorí náà kó kọ́kọ́ bèèrè ibi tí àwọn ènìyàn wa wà. Bí kò bá mọ̀, kó má yìn ín. Ó lé ọmọ kan lọ nítorí ewúrẹ́ méjì tí ọta rẹ̀ pa. Mo ní, "Fọlárìn, ewúrẹ́ lásán?" Ó ní, "Àǹtí mi, ewúrẹ́ ni lónìí."

Ó fẹ̀yìn tì, òun àti Rúùtù, ìyàwó wa, padà wálé, wọ́n gbin kaṣú. Lọ́dún tó kọjá, níbi tí wọ́n ti ń ṣa kaṣú, àwọn ajínigbé ya wọ oko, wọ́n kó ènìyàn méje lọ. Rúùtù wà nínú wọn.

Lọ́jọ́ kẹfà, lọ́sàn-án, Mubashir pè. Ọmọ ilé-ìwé Fọlárìn ni, ó ti di Mejọ̀, àgbá rẹ̀ wà lórí òkè. Fọlárìn tẹ fóònù kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ọ̀gá, a ti rí àgọ́ wọn nínú igbó. Wọ́n ń palẹ̀ mọ́, àṣẹ sì ni pé ká yìn ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Níbo ni àwọn ènìyàn wa wà? Ẹ̀yin lẹ mọ igbó yẹn."

"Mi ò mọ̀. Ẹ má yìn ín."

Orí mi gbóná. "Ṣé kí wọ́n gbé Rúùtù lọ pátápátá ni? Bí wọ́n bá fi lè wọ igbó kejì, ó parí nìyẹn! Ìwọ tí o ń dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀ láti kékeré! Sọ̀rọ̀ jàre!"

Ó wò mí. Omi lé ròrò lójú rẹ̀. Mi ò rí i kó sunkún láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Ó ní, "Àwọn obìnrin ni wọ́n máa fi ṣe ìdáná. Etí odò ni wọ́n á wà. Àwọn ajínigbé fúnra wọn á wà ní ìdí àpáta. Ẹ yìn ín síbẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á kọ́kọ́ yin ẹyọ kan, wọ́n á wo ibi tó bọ́ sí, wọ́n á tún àgbá ṣe, kí ìyókù tó tẹ̀ lé e. A gbọ́ ẹyọ kan. Ó pẹ́ díẹ̀, ìyókù wá ń dún léraléra. Mo sì ń jó. Ẹ gbọ́ mi o, mo ń jó ní pálọ̀!

Ènìyàn mẹ́fà ló padà wálé. Fulera tí wọ́n jọ kó lọ ló sọ fún wa. Ẹyọ àkọ́kọ́ kò dé ibi tí wọ́n rán an, òdìkejì odò ló bọ́ sí, kò pa ẹnikẹ́ni. Àwọn ajínigbé fọ́n ká. Rúùtù bá pariwo: "Mo mọ iṣẹ́ ọkọ mi! Ibi tí ọta àkọ́kọ́ bá bọ́ sí, ibẹ̀ ni ìyókù ń bọ̀! Ẹ gba ìdí àpáta!" Òun ló ṣáájú. Ẹsẹ̀ àwọn yòókù ti wú, wọn ò lè sáré. Ó dúró síwájú, ó ń juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa bọ̀. Ibẹ̀ ni ìyókù ọta bá a.

Fọlárìn gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ní Maidúgùri, kó lè mọ ibi tó máa sá sí bí ọ̀tá bá ń yìnbọn sí wa. Àwọn tiwọn kì í tún àgbá ṣe."

Kò bú mi. Títí di òní, ó ṣì ń kí mi láràárọ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí mi." Ká ní ó bú mi ni!